Fóònù Mi àti Aṣáà Màmá

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo gba lívù lọ sílé ní Isolo-Ọ̀pin.

Màmá mi ń fín aṣáà. Àgbà ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa o, ṣùgbọ́n agolo aṣáà kì í kúrò nídìí ìró wọn. Bí àlùfáà bá ti ní ká di ojú, ìgbà yẹn gan-an ni Màmá máa fà á símú. Kí àdúrà tó parí, wọ́n á ti sín gbogbo ìjọ jí.

Lọ́jọ́ kan, mo mú wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an, pé bí wọn ò bá jáwọ́ nínú aṣáà, ó lè já sí rọpárọsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bá a ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, mo sì ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù lọ.

Màmá wò mí títí. "Bọ́lá, kí lo ń wò níbẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan.

"Kò sí nǹkan, o ò sì lè gbójú kúrò níbẹ̀? Aṣáà ṣáà wà nínú tèmi. Ó dáa, gbé tìẹ wá, kí n gbé tèmi fún ẹ."

Bá a ṣe pààrọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti fóònù mi mọ́ inú àpótí aṣọ, mo fi agolo wọn sínú báàgì mi.

Ìyà jẹ wá. Ọwọ́ mi ń wá fóònù lábẹ́ àwo oúnjẹ. Màmá ń bá ewúrẹ́ jà pé ó ń mí sókè jù. Nígbà tó yá, mo ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tú báàgì mi. Wọ́n ní kóòmù làwọn ń wá. Kóòmù kẹ̀? Màmá tó gẹrun mọ́lẹ̀! Àmọ́ mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, torí píìnì tí mo fẹ́ fi ṣí àpótí wọn ló wà lọ́wọ́ mi.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ni Màmá bá gbé ẹ̀gúsí jáde, wọ́n ní ká máa bó o, kí ọwọ́ lè ríṣẹ́ ṣe. Láti ìgbà náà, bí aṣáà tàbí fóònù bá ti ń wu ẹnikẹ́ni nínú wa, ìdí ẹ̀gúsí là ń lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi bí Bàámi tó ti kú ṣe fẹ́ wọn. Bàámi ra kẹ̀kẹ́ láìmọ̀ ọ́n gùn, ni wọ́n bá ń fọwọ́ tì í wá láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin kí Màmá lè rí i pé àwọn ní kẹ̀kẹ́. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ìgbà wo ni mo fẹ́ gbọ́ ọ, èmi tí mo máa ń wà lórí fóònù?

Nígbà tí lívù mi parí, Màmá dá fóònù mi padà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì fín in lẹ́ẹ̀kan níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn, àwọn fúnra wọn ló pè mí tí wọ́n jẹ́wọ́. Èmi náà ò tíì di áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n fóònù kì í wọ yàrá tí mo ń sùn mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn kàn gba nǹkan lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò tó, ó gbọ́dọ̀ fi òmíràn sí i. Ó sì rọrùn bí ẹni méjì bá jọ ń ṣe é.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń bá jà, kí lẹ sì fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó.