Bọ̀gìnnì Oníràwọ̀ àti Omi Inísà

Ẹ bá mi kí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó fi bọ̀gìnnì oníràwọ̀ gbé mi láàárọ̀ yìí, tó sì já mi sílẹ̀ létí ẹrẹ̀.

Òkukù ni mò ń lọ. Aago mẹ́jọ la fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ, èmi bàbá àgbà ni mo sì máa pe orúkọ náà.

Láti Ìkìrun ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. "Sà, àwọn tó ṣe mọ́tò yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò láyé. Ẹ wo ẹnu mẹ́ta tí ìràwọ̀ ẹ̀ ní: ilẹ̀, omi, òfúrufú. Kò síbi tí kò lè dé!"

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu ẹ̀ tá a fi dé Inísà. Òjò àná ti sọ kòtò kan di adágún. Ló bá tẹ bíréèkì.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè wọ omi yẹn."

Mo ní, "Àbí òkun nìkan ni ìràwọ̀ yìí mọ̀?"

Ó ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ọlọ́lá kì í ga.

Ọ̀kadà tí kò ní dígí ló gbé mi kọjá. Mo dé lásìkò, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ lára agbádá, mo sì pe ọmọ ní Ìbídùnní.

Àtẹ̀jíṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: "Sà, orúkọ ọmọbìnrin tí oníṣòwò kan bí ni wọ́n fi sọ mọ́tò mi. Ẹ fi kún orúkọ ọmọ yín. Orúkọ ńlá ni!"

Mo ti kọ èsì mẹ́ta, ìyàwó mi ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ̀yin ẹ bá mi kọ ìkẹrin.