Ọ̀sán Tí Ìyàwó Mi Ní Kí Wọ́n Pa Orísun Àmì

Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ní etí odò ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́dọ̀ mi bí mo bá rántí ọ̀sán yẹn. Atẹ́gùn ń gbé e bọ̀ láti ìhà Kpata wá sí àdúgbò Crusher níbi tí a ń gbé, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ń dàpọ̀ mọ́ òórùn oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìwọ náà mọ ooru Lọ́kọ́ja ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ògiri pàápàá máa ń gbóná bí ara ẹni tí ibà mú. Inú ooru yẹn ni èmi àti ìyàwó mi ti ń dúró de ìròyìn láti inú ẹ̀rọ kan ní òkè òkun, tí inú rẹ̀ tutù ju ibikíbi tí yìnyín wà láyé lọ.

Ampilifáyà ni ìyàwó mi máa ń ṣe ètò rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé sí mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Tirẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe é, irú irin tí iná mànàmáná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan nígbà tí ó bá ti tutù tó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àmì rédíò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, kí ó sọ ọ́ di ńlá, láìfi ariwo ti ara rẹ̀ kún un. Sísọ nǹkan di ńlá kò ṣòro. Kí o má fi tìrẹ kún un ni iṣẹ́. Èmi ni mo ń bá a ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n òun ló ni èrò. A kò ní irú ẹ̀rọ amúǹkantutù bẹ́ẹ̀ nítòsí, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́ kan, ọmọ oníṣòwò Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kpata, ni ó ń bá a dán an wò ní ibi ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

Àìsàn ìyàwó mi ti wọra nígbà náà. Dókítà ti sọ fún wa pé ìtura nìkan ló kù tí àwọn lè fún un. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò ní ṣe ampilifáyà mìíràn mọ́. Ọ̀gá ibi ìwádìí yẹn sì ti sọ pé bí ampilifáyà náà kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn yóò yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ ẹlòmíràn lè bọ́ síbẹ̀. Ohun tí a ń dúró dè nìyẹn, bóyá iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kò ní wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àgbẹ̀ tó wá láti abúlé Oworo láti tọ́jú rẹ̀, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó wo kọ̀ǹpútà orí ẹsẹ̀ mi, ó mi orí.

“Àbúrò mi, nínú gbogbo iṣẹ́ ayé, èyí tó ń gbé inú òtútù lo yàn. Ṣé kò lè fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ni?”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gé ẹ̀rín náà.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn pè, ojú rẹ̀ àti àwòrán tó ń kà lórí ẹ̀rọ wọn jọ hàn sí wa. Ní àárín ariwo tó rí bí koríko kéékèèké, òkè kan yọ bí àmì tí a ń retí, ó ga fíofío. A gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ó ga ju bí a ṣe rò lọ.”

Ìyàwó mi ní òfin kan tí ó fi kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ̀ kí wọ́n tó pa orísun àmì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi àmì ìdánwò ránṣẹ́ sí ampilifáyà. Ampilifáyà tí wọ́n bá fún ní agbára jù máa ń kọrin fúnra rẹ̀, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe máa ń han goro nígbà tí oníwàásù kò tíì la ẹnu. Bí o bá pa orísun, tí òkè náà ṣì dúró, ariwo ara rẹ̀ lò ń wò. Ọmọbìnrin yẹn mọ òfin náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó fẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ gba ayọ̀ náà, kí ó fi sùn. Èmi náà ń bẹ ìyàwó mi nínú ọkàn mi pé kí ó má béèrè.

Ó wo òkè náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ òun.

“Pa orísun.”

“Màámi, ẹ sinmi ná. A ó ṣe ìyẹn lọ́la.”

“Ọ̀la ta ni? Pa á.”

Ó pa á. Òkè náà kò mì. Àtẹ́wọ́ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dá abẹ̀bẹ̀ dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá wọn tó ń béèrè bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Ìyàwó mi gbé ìka sókè, bí ẹni pé ọ̀gá náà wà nínú yàrá wa. Ó ní kí wọ́n dín agbára tí wọ́n ń fún un kù díẹ̀, kí wọ́n tún dín in kù. Òkè náà ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú koríko. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù nínú ooru yẹn. Ó ní kí wọ́n pa orísun: ohun kékeré náà pòórá. Kí wọ́n tàn án: ó padà wá. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, léraléra, kò sì parọ́ rárá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí inú rẹ̀ fi ń dùn nígbà tí nǹkan náà ti kéré tó báyìí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ni wọ́n rán sí wa ní tòótọ́.”

Ọ̀gá wọn ní kò tó bí a ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n òun kò rí èyí tí ariwo rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìyàwó mi kú kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Láti ìgbà náà mo ti rí i pé ọ̀fọ̀ ní agbára tirẹ̀. Àwọn ọ̀sán kan wà tí mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, tí ó ń yìn mí, tí ó ń sọ pé mo tọ́jú òun dáadáa, tí ohùn náà sì ń kún gbogbo ilé. Kò sọ irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹni tó ń yin ènìyàn. Èmi ni mo ń kọrin sí ara mi. Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà, kí n dín ìbànújẹ́ náà kù bí agbára mi bá ṣe mọ, títí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò fi dákẹ́. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù kò pọ̀: bí ó ṣe máa ń tì mí léjìká pé mo dí òun lójú fèrèsé, tàbí ìbéèrè kan lórí ìṣirò tí mo ṣe. Mo máa ń tẹ́tí sí i. N kì í fi nǹkan kan kún un.