Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Vaurelles

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ìyá Léontine, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ orí òkè Vaurelles ni mo lọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ayé ìyá ìyá rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà ti ń gbé ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán ara ògiri ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Opó ni, kò sì bímọ. Àwọn àlejò wọ̀nyí nìkan ló ń bá a tàkúrọ̀sọ.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín o! Àbí màlúù ni yín?" Bó ṣe máa ń kí wọn lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, Anselme, olórí ìlú, wọlé tọ̀ ọ́.

"Ìyá, a ti ra ẹ̀rọ tí yóò máa ṣí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, tí yóò sì máa tì í lálẹ́. Ẹ wá sinmi wàyí."

"Anselme tí mo máa ń nu ikun imú fún ní kékeré, ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i."

Ìyá Léontine fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ lára ìṣó, ó nà án sí Anselme. Láti ìgbà náà, àwọn àlejò kàn ń gba iwájú ilé rẹ̀ gun òkè lọ ni, ẹnikẹ́ni kì í yà. Ó ń se kọfí dè wọ́n títí òtútù fi dé.

Ilé àwọn arúgbó tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń gbé báyìí, ní yàrá tó kángun sí ilé ìdáná, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ jẹun ti ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.