Ìyá Ẹ̀dọ̀ àti Purotéènì Inú Ìgò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí fi ń gbé ẹ̀dọ̀ màlúù tútù wá sí yàrá ìwádìí láràárọ̀, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ tì, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ẹ̀dọ̀. Inú ẹ̀dọ̀ náà ló ti ń yọ purotéènì kan tó dà bí ẹnu-ọ̀nà: ibẹ̀ ni ohun tó ń wọ ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, àti èyí tó ń jáde, máa ń gbà. Bí iná mànàmáná bá kàn án, á ṣí tàbí kó tì. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ bíi tirẹ̀, òun náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Àfi ìgbà tí Dókítà, ọmọbìnrin tí Ìyá Ẹ̀dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í lo bakitéríà láti ṣe purotéènì kan náà nínú ìgò. Ọ̀gá wọn ní bí méjèèjì bá ń ṣe bákan náà, ká ti yàrá ẹ̀dọ̀ pa.

Ìyá Ẹ̀dọ̀ yínmú. "Ọmọ tí kò gbé inú ilé rí, ta ló máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn?"

"Ẹ ṣáà wò ó ná, Mà," ni Dókítà fèsì.

Kí tirẹ̀ lè dára ju ti ọmọ yìí lọ, Ìyá Ẹ̀dọ̀ fọ purotéènì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀gá fi orúkọ pa mọ́, ó kọ "kìíní" àti "ìkejì" sára ìgò méjèèjì, ó ní kí Ìyá Ẹ̀dọ̀ dájọ́ fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fi iná kan purotéènì, tó sì ń fi ìlà ya ìṣesí rẹ̀ sórí ìwé. Kìíní ń ṣí, ó ń tì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìkejì ya olóríkunkun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé," ó nawọ́ sí kìíní. "Tèmi nìyẹn."

Ọ̀gá ṣí ìwé tó kọ orúkọ méjèèjì sí. Ti bakitéríà ni kìíní.

Dókítà ìbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ fọ̀ ọ́ jù. Ọ̀rá tó bá a wá látinú ẹ̀dọ̀ ló ń mú kó rọ̀, ẹ sì ti fọ̀ ọ́ dànù. Èmi fi ọ̀rá sí tèmi. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fọ̀ ọ́, ìlà méjèèjì sì sùn lé ara wọn lórí ìwé, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n.

Ó dun Ìyá Ẹ̀dọ̀ gan-an, torí yàrá rẹ̀ ni wọ́n máa tì pa. Bó bá kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn níbẹ̀. Ó kọ "Kò sí ìyàtọ̀," ó bu ọwọ́ lù ú.

"Mà, ẹ má bínú," Dókítà wí, ojú nílẹ̀.

"Mò ń bínú. Ṣùgbọ́n ká ní tèmi ló borí, ṣé wàá fẹ́ kí n purọ́ nítorí ẹ?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Fa àga yẹn, kó o jókòó tì mí títí màá fi bínú tán."