Ibi Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fóònù dókítà wọ abúlé náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fi gbogbo àárọ̀ wá kiri. Mo nawọ́ ẹ̀ sókè, mo gba iwájú mọ́ṣáláṣí, mo gba ẹ̀yìn ilé ìwé, mo dé ìdí kànga, pàbó ni. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, àwọn àgbà ń bi mí pé kí ló sọ nù. Orí òkè kékeré tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí ló ti wá mú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán kẹta, níbi tí èéfín pọ̀ sí jù. Bí mo bá sún sọ́tùn-ún díẹ̀ báyìí, ó ti lọ. Ibẹ̀ náà la sọ di ilé ìwòsàn.

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìn Lálúpọn ni, ọ̀nà oko ni wọ́n ń gbà débẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni iṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ni mí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè mí. Àjọ kan láti Ìbàdàn ló gbé iṣẹ́ tuntun kan wá bá wa. Wọ́n fún wa ní fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mo bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tán, èsì ẹ̀ á lọ bá dókítà n'Íbàdàn, dókítà á sì pè, òun àti aláìsàn á jọ máa wo ojú ara wọn sọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ̀wé fún aláìsàn pé kó lọ rí dókítà n'Íbàdàn, tí n óò sì tún padà wá bá a nílé, tí kò lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn. Bàbá kan lọ wẹ̀, wọ́n wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó síwájú dókítà, wọ́n kí i, wọ́n kí ìyàwó ẹ̀, wọ́n kí àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn òbí ẹ̀. Dátà mi tán kí wọ́n tó dórí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ìyá àgbà kan bu gàrí sínú abọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn fún dókítà, pé ó ti rù jù. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù, bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ilé ló ń jó lẹ́yìn wa, mo ní gàrí ni.

Íápíìsì ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé kí aláìsàn ki í bọ etí, kó lè sọ tinú ẹ̀ láìsí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí dókítà ń bi í. Mo ki í sétí ìyàwó ilé kan, dókítà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilẹ̀ ò tí ì ṣú tí àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ fi wá bá mi. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ mọ ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sí ìyàwó àwọn létí tí ẹnì kankan nínú ilé ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu ń ro mí. Ibi tó parí sí ni pé kí ohùn dókítà máa jáde síta kí gbogbo èèyàn gbọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí obìnrin ilé wọn tó máa jókòó síwájú fóònù mọ́. Mo pe àwọn ọ̀gá wa. Wọ́n ní ká ṣe é bí abúlé bá ṣe fẹ́ ẹ, kí iṣẹ́ ṣáà máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni ohùn dókítà ti ń jáde ketekete láàárín àwọn tó ń yan gàrí, bíi ti rédíò.

Ìyàwó Ganíyù ni Sẹ̀kínátù. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára ẹ̀, ẹ̀kẹta ló wà nínú ẹ̀ nígbà náà, ó sì ti lé lóṣù méje. Ìyá ọkọ ẹ̀, ìyẹn Ìyá Ganíyù, ló ni àdògán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Àwọn èèyàn ti sọ oríṣiríṣi nípa ìyá yìí, ohun tí mo fojú rí ni mo máa sọ ní tèmi: wọ́n fẹ́ràn ìyàwó ọmọ wọn. Àwọn fúnra wọn ló gbé àpótí fún un lọ́jọ́ tó wá rí dókítà, wọ́n fi ìborùn nù ún, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ kí dókítà lè gbọ́ ohùn ọmọ àwọn. Ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Àwọn obìnrin dáwọ́ gàrí dúró. Bàbá ọkọ ẹ̀ àti àwọn ọkùnrin tó ń fún ẹ̀gẹ́ nítòsí náà dákẹ́, wọ́n kọjú síbi tí fóònù wà.

Dókítà béèrè orí fífọ́, ó béèrè ẹsẹ̀ wíwú. Ó wá dé ibi tó yẹ kó dé.

"Ǹjẹ́ ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara látìgbà tí oyún yìí ti wà?"

Sẹ̀kínátù wo ẹsẹ̀ ìyá ọkọ ẹ̀.

"Rárá, sà."

"Kódà kó jẹ́ díẹ̀?"

"Rárá, sà."

Ìyá Ganíyù ní àlùhámúdùlílàhì. Dókítà ní tí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìkánjú, kó wá ya àwòrán inú n'Íbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin padà sídìí agbada wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ló ṣẹlẹ̀, oṣù náà ò tí ì pé. Mò ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí Ganíyù sáré dé, tó ní kí n máa bọ̀ nílé àwọn. Nígbà tí mo máa fi wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti rin ẹní, ó ti dé ilẹ̀. Sẹ̀kínátù ní nǹkan kan ò dun òun, ìyẹn gan-an ló sì já mi láyà, nítorí mo mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí í wá láìsí ìrora, pé ibi ọmọ ló dí ojú ọ̀nà. Fóònù ò wúlò nínú yàrá yẹn. Mo ní láti fi í sílẹ̀ kí n sáré gun òkè lọ sídìí àdògán kí n tó lè pe dókítà.

"Ẹ máa gbé wọn bọ̀ báyìí," ló wí. "Mò ń dúró dè yín lẹ́nu géètì ọsibítù."

Gbogbo ọkọ̀ ti kó èrò lọ sọ́jà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó gàrí la bẹ̀, wọ́n já àwọn àpò sílẹ̀, a tẹ́ aṣọ sẹ́yìn ẹ̀. Ganíyù jókòó síwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, èmi àti Ìyá Ganíyù wà lẹ́yìn, wọ́n gbé orí Sẹ̀kínátù lé itan. A ti kọjá Lálúpọn kó tó di ọwọ́ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú èyí."

"Kí ló wá?" Ìyá Ganíyù ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Fóònù ń dún nínú àpò mi. Bí ọkọ̀ bá gun òkè, á dún, bí a bá sọ̀ kalẹ̀, á já. Nígbà tí a fi máa dé Ìyànà Ọ̀fà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kún, mo sì rí ojú dókítà kedere, ó ń bi mí pé ibo la dé. Mo ní kó má dúró dè wá mọ́. Sẹ̀kínátù ti kú, ọmọ inú ẹ̀ bá a lọ.

Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi. Ìyàwó ilé tí kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni nílé ọkọ ẹ̀, tí kì í gbójú sókè bí bàbá ọkọ bá wà níbẹ̀, la ní kó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ létí gbogbo abúlé. Ẹ̀jẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ nígbà méjèèjì tí oyún bàjẹ́, àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí Ganíyù lọ fẹ́ ẹlòmíì. Ká ní ó ní òun rí ẹ̀jẹ̀, gbogbo àdògán ni ì bá ti gbọ́ kí gàrí tó jiná.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá wa pé kí wọ́n wá dókítà obìnrin fún wa, bóyá wọn á jẹ́ ká dá íápíìsì padà. Wọ́n rí ọ̀kan. Àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohùn ẹ̀ ni, ó bá ìlú òyìnbó lọ. Ọkùnrin ló tún kù.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí n tó mú obìnrin kankan gun òkè, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ mú un lọ, màá bi í ní gbogbo ìbéèrè yẹn fúnra mi. Díẹ̀ ń sọ fún mi. Àwọn tó pọ̀ ò sọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé orí òkè yẹn náà ni mo máa ti sọ ọ́ fún dókítà. Mo ti gbìyànjú kí n máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Bó bá ti rí i, á pè padà láti bi wọ́n sí i, gbogbo ayé á sì tún gbọ́. Àwọn tó ń bẹ̀ wá wò láti Ìbàdàn ń yìn wá, wọ́n ní abúlé wa ló ń lo fóònù jù.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Sẹ̀kínátù, mo lọ kí Ìyá Ganíyù. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó ṣáájú ikú ọmọ náà ti rà sínú agbọ̀n, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n.

"Nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ tó bá dókítà sọ̀rọ̀ yẹn, ká ní mo dìde kúrò níbẹ̀, ṣé ì bá sọ ọ́?"

Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀."

Wọ́n wò mí títí.

"Ẹ mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn.