Fọ́tò Tí A Wọ Aṣọ Iléèwé Yà

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí wa ní Ubeji, lẹ́bàá Warri. Èéfín ààrò ìyá mi á wọlé bá wa lórí ẹní, á dà pọ̀ mọ́ òórùn epo tó ń fẹ́ wá láti ilé ìfọpo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò mi ti wọ aṣọ iléèwé, a ti fi básílíìnì para, nígbà tí òyìnbó kan dé pẹ̀lú ọmọkùnrin Warri kan tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Ìwé nípa ìṣe àwọn ẹ̀yà ni òyìnbó náà ń kọ. Ó ṣí ìwé àtijọ́ kan hàn wá, èyí tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kọ nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso wa. Fọ́tò àwọn ọmọdé létí odò wà níbẹ̀, ìhòòhò ni wọ́n wà, kò sì sí orúkọ ẹnì kankan nísàlẹ̀. Irú rẹ̀ gan-an ló fẹ́ yà. Ògbufọ̀ kọjú sí ìyá mi, ó ní:

"Mama, oga say make the pikin dem pull uniform. E want am like before-before."

Mo ti di bọ́tìnnì mi mú, torí lójú tèmi, ohun tí òyìnbó bá wí labẹ gé. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi kúrò.

Ìlàjẹ tí kì í pariwo ni. Bó bá ń lọ aṣọ wa, á máa sọ pé, "Ìrínisí ni ìsọnilójò." Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó ní, "Tell am, my pikin no be before-before. As e meet dem, na so e go snap dem."

Òyìnbó náà ní ohun tí àwọn òǹkàwé òun ń fẹ́ nìyẹn. Ìyá mi bi í bóyá ìhòòhò ni wọ́n ti ń ya ìyá tirẹ̀ náà. Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín títí kó tó túmọ̀ rẹ̀. Etí òyìnbó pọ́n bí ata. Ó pa ìwé rẹ̀ dé.

Ìyá mi tò wá, pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. "Ẹ gbójú sókè," ó ní. Òyìnbó yà wá tán, ó kọ orúkọ wa sílẹ̀, ìyá mi sì ní kó pè é fún òun gbọ́. Ó ṣi "Mojísọlá" tèmi pè. Ó tún un pè títí ó fi pè é dáadáa.

Ẹ̀kọ́ nípa ìṣe àwọn ẹ̀yà yẹn gan-an ni mò ń kọ́ni ní yunifásítì báyìí. Èmi ọmọdé ọjọ́ yẹn kò mọ̀ pé ènìyàn lè sọ fún òyìnbó pé rárá. Lónìí, kí àwọn òyìnbó tó lọ kọ̀wé nípa àwọn ará etí odò wa, kíláàsì mi ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ jókòó, èmi ni mo sì ń kọ́ wọn láti kágò kí wọ́n tó wọlé onílé.