Ọrùn Ló Ní Kí N Rà Á

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun náà ti ṣe kékeré rí. Irùngbọ̀n mi ti pé mẹ́rin báyìí, àwọn ọmọ ilé wa ní Ìkòsí sì ń pè mí ní Uncle. Nígbà yẹn ṣá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe JSS3 tán ni. Mo ga bí òpó iná, mo rí tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, gbogbo ṣòkòtò tí mo ní ló sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, tó kúrú sí mi dáadáa. Tí mo bá wọ ọ̀kan jáde, ẹ máa rò pé omi ya wọ àdúgbò wa ni mo fi ká ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè.

Bíríkìlà ni bàbá mi, Ṣakí ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti sọ fún mi pé tí a bá ti gba họ́lídè, èmi àti àwọn la jọ ń lọ sí sáìtì. Mo ti bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan rí. Páànù kọnkéré kan ṣoṣo ni mo rù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè wo ẹ̀gbẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí, bíi tírélà. Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé Aunty kan tó ń ta aṣọ ọkùnrin ní àdúgbò wa ń wá ọmọ tó máa bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù fún họ́lídè, eré ni mo bá débẹ̀.

Aunty yìí wò mí láti orí wá sílẹ̀. Nígbà tí ojú wọn dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó dúró síbẹ̀.

"Wá ní Sátidé," wọ́n ní. "Wọ aṣọ tó bá ẹ mu wá. Mi ò sọ pé aṣọ olówó o, aṣọ tó bá ẹ mu ni mo sọ. Ẹni tí aṣọ tiẹ̀ ò bá lára mu, báwo ló ṣe fẹ́ bá mi ta ti ẹlòmíì?"

Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ ti di méjì: aṣọ tó bá mi mu, tàbí páànù kọnkéré.

Màmá mi, tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó tòmátì ní Mile 12, tú ìdí ìró wọn, wọ́n fún mi ní owó díẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sí ìdí òkìríkà, àwọn aṣọ àlòkù, ní Kétu, kí n sì yẹ zíìpù wò dáadáa. Òjò ṣú láàárọ̀ Fúráìdè tí mo lọ, inú mi sì dùn, torí mo ní húdì dúdú kan, ẹ̀wù òtútù tó nípọn tó ní fìlà lẹ́yìn. Mo rò pé tí mo bá wọ̀ ọ́, mo máa ń dà bí ẹni tó ní owó ní báńkì. Mo fà á wọ̀, mo fi fìlà ẹ̀ sílẹ̀ kó ká jọ sí ọrùn mi bíi mùfúlà, mo jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa aṣọ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Orí ọ̀rá ni wọ́n máa ń da gbogbo ẹ̀ sí, lẹ́bàá títì, kò sì sí yàrá tí èèyàn ti lè bọ́ ṣòkòtò dán òmíràn wò níbẹ̀. Ọrùn la fi ń dán an wò. Wàá ti bọ́tìnnì ẹ̀, wàá tẹ́ ìbàdí ẹ̀ pẹrẹsẹ, wàá wá wé e mọ́ ọrùn ẹ. Tí etí ẹ̀ méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, ó máa bá ẹ mu. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ìdí.

Mo rí ṣòkòtò dúdú kan. Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín? Ó ń dán, zíìpù ẹ̀ ń lọ geere, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn dé ilẹ̀. Mo wé e mọ́ ọrùn, etí ẹ̀ méjèèjì kanra gẹ́lẹ́.

"Ó ti pàdé," ni bọ̀dá tó ń tà á wí. "Má gbé e sílẹ̀ o, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn ti ń wò ó."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ó máa wọ̀ mí?"

"Ṣé èmi ni mo ni ọrùn ni? Ọrùn ẹ ló ní kó o rà á."

Mo rà á. Nígbà tí mo délé, mo bọ́ húdì, mo wọ ṣòkòtò náà, mo sì ní láti fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má bàa lọ. Màmá mi wò mí títí.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ẹnì kejì tí ẹ jọ fẹ́ máa wọ̀ ọ́ dà?"

Ó ya mí lẹ́nu. Mo tún wé e mọ́ ọrùn, láìsí húdì lọ́tẹ̀ yìí. Etí kan gun orí èkejì, ó fi bí ìka mẹ́ta kọjá. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé húdì ni mo ra ṣòkòtò fún, kì í ṣe èmi.

Àárọ̀ Sátidé ni mo gbọ́ tí obíọmà ń kọjá, àwọn télọ̀ tó máa ń gbé máṣíìnì sí èjìká káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń fi síṣọ́ọ̀sì lu ara igi ẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́. Mo sáré pè é. Ó gbé máṣíìnì kalẹ̀, ó tẹ́ ṣòkòtò náà, ó wò mí, ó tún wò ó.

"Ọ̀gá kékeré, this one na your papa own?"

Ó ní tí òun bá fẹ́ ṣe é dáadáa, òun máa tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó máa pẹ́, owó ẹ̀ sì máa ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Mo ní Aunty kan ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, kó dín in kù lẹ́yìn nìkan. Ó dín in. Iwájú rẹwà, mo bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wá ńkọ́? Àpò méjèèjì tó wà níbẹ̀ ti sún mọ́ra débi pé ẹ lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dí wọn. Bó ṣe ń gbé máṣíìnì ẹ̀ sí èjìká, ó fún mi ní ìmọ̀ràn.

"For there, no turn your back o."

Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù Aunty, bí akàn. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo yára fi ẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo ń dáhùn, mi ò kúrò lára ògiri.

"Ṣé ògiri yẹn lo fẹ́ rà ni?" wọ́n ní. "Yí padà."

Mo yí padà.

"Kí ló ṣe àwọn àpò yìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń rán an níta báyìí nìyẹn, Aunty."

"Níta ibo?"

Irọ́ mi ò ju ibẹ̀ lọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, látorí húdì dórí obíọmà. Mo ti ń rí páànù kọnkéré lọ́kàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí látàná, mo bá kúkú bèèrè kí wọ́n tó lé mi: "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, báwo tiẹ̀ ni ọrùn ṣe ń mọ bí ìbàdí ṣe tóbi tó?"

"Mi ò mọ̀," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta aṣọ, kò sẹ́ni tó bi mí rí." Wọ́n fa téèpù yọ, wọ́n wọn ọrùn mi: mẹ́tàlá. Wọ́n wọn ìbàdí: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Daddy kan wọlé, láti Màgódò, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń mì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ṣòkòtò làwọn fẹ́, sáìsì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àwọn ò wọ òmíràn rí. Ikùn wọn sì ti ṣáájú wọn wọlé. Aunty na téèpù sí mi.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn ọrùn yín."

"Ọrùn kẹ̀? Ṣòkòtò ni mo ní mo fẹ́ rà, kì í ṣe táì."

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Ọrùn jẹ́ mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀, ìlọ́po méjì ẹ̀ sì jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìbàdí jẹ́ ogójì. Mo kà á fún wọn, ojora sì mú mi. Daddy wo téèpù, wọ́n wo ikùn wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Á jẹ́ pé ọrùn mi ṣì wà ní kékeré," wọ́n ní. "Ikùn nìkan ló ti dàgbà."

Wọ́n ra méjì tó gba ikùn náà. Bí wọ́n ṣe jáde, Aunty ní, "Wá ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Mú ṣòkòtò ọ̀hún dání. Ìwọ fúnra ẹ lo máa tú u, mo máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dín in láti ẹ̀gbẹ́."

Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ kọnkéré nìyẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wọn ọrùn àwọn ará ilé wa. Ti bàbá mi ki ju ìbàdí wọn lọ, ẹ bi páànù. Ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì sì kọ̀ jálẹ̀: "Ta ló rán ẹ? Ṣé o fẹ́ kan pósí mi ni?" Ibi iṣẹ́ yẹn náà ni mo ti kọ́ pé tí owó kò bá tó, èjìká ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò lára ṣẹ́ẹ̀tì, torí a lè dín ẹ̀gbẹ́ kù, a lè gé ọwọ́ kúrú, àmọ́ èjìká tó bá ti já bọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan nílé wa gbé ṣòkòtò kan wá bá mi. Orí fóònù ló ti rà á. Kò kọjá itan ẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe mọ sáìsì. Ó ní fóònù bi òun ní ọjọ́ orí àti bí òun ṣe ga tó, ó sì bá òun ṣírò ẹ̀. Mo rò ó títí. Bọ̀dá olókìríkà ìgbà tiwa, bó bá wù ú, á wò ẹ́, á bú ẹ, á ní gbé e sílẹ̀, kò lè wọ̀ ẹ́. Fóònù ò lè wo ẹnikẹ́ni. Ohun tí èèyàn bá ṣáà ti sọ fún un ló ń gbà gbọ́.

Mo fa téèpù yọ, mo ní kó dìde dúró.

"Uncle," ó ní, "ṣé ọrùn lẹ fẹ́ wọ̀n ni, àbí ìbàdí?"

Mo ní méjèèjì ni, torí mi ò tíì mọ èyí tó ń sọ òótọ́ lára tiẹ̀.